Ọdẹ Tí Ó Wá Ẹlẹ́tàn Lọ Nítorí Àmì Mẹ́ta Iwájú Orí Ọmọ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tí kò bá rí àga, kí ó jókòó sórí gbòǹgbò igi yìí. Ó ti gba ìdí tí ó wúwo ju tiyín lọ. Mo ti rí i lójú yín pé ẹ kò sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta. Oníwàásù kan dúró ní gbàgede yín, ó ní Aṣòdì-sí-Kristi, Ẹlẹ́tàn ìgbà ìkẹyìn, ti dé ayé, ó ní ọmọ ọwọ́ ni ó ṣì jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń wo ọmọ ọwọ́ ti obìnrin àlejò tí ó gba yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tìfuratìfura, nítorí pé ọmọ náà ní àpá lójú. Ìyá Àdùfẹ́, ìwọ ni o wá bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ láyé, ṣé òótọ́ ni?" N kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtàn ni n ó sọ fún ọ.

Ẹ sì mọ̀ mí. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti lé ẹfọ̀n rí títí ó fi yíjú padà, tí ó bẹ̀ mí pé kí a jọ sinmi díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, kí ó lọ bi ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe ti agbára mi. Ti ọdẹ kan tí ó jù mí lọ ni, mo sì mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí. Àdùfẹ́, ìwọ ọmọ yìí, fi fìlà mi sílẹ̀ o. O rò pé ooru ń mú mi? Òtútù ni í mú àgbà lórí.

Ní ìlú Òkè-Arẹ́gbẹ́, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bò, ọdẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jòsáyà Ọdẹ́níyì. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo ọdẹ lọ ni kíka ipasẹ̀. Bí àgbọ̀nrín bá ti kọjá láti àná, Jòsáyà yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo ilẹ̀, yóò ní, "Abo ni, ó lóyún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún." Kì í tàsé. Ìyàwó rẹ̀ ni Rúùtù, Ìyá Ìjọ, olórí gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Rúùtù ń fi ọwọ́ òsì ro ọkà, ó ń fi ọwọ́ òsì juwọ́ sí ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti bá a wí. Òun náà ni ó mú ìjọ ṣòfin pé ọmọlẹ́yìn Kristi kankan kò gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ mọ́, nítorí iṣẹ́ àwọn baba tí kò mọ Ọlọ́run ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Lìdíà. Ọkọ Lìdíà kú nígbà tí oyún inú rẹ̀ di oṣù méje. Ó bí ọmọkùnrin, ibà ìkúnlẹ̀ sì dá a wólẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ tí kò mọ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Jòsáyà wà ní igbó ọdẹ. Rúùtù nìkan ni ó ń tọ́jú ìyá, tí ó ń tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ara Lìdíà yá, ó rí ìlà dúdú kéékèèké mẹ́ta níwájú orí ọmọ rẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀. Rúùtù ní, "Bí ó ṣe wáyé nìyẹn." Lìdíà sì gbà, nítorí ta ni ó máa ń bá Ìyá Ìjọ jiyàn?

Ní oṣù yẹn gan-an ni ajíhìnrere kan tí ń jẹ́ Élífásì dé. Ó ní aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya ẹranko abàmì sí, olórí méje, oníwo mẹ́wàá. Ó ta aṣọ náà sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọ̀pá ń tọ́ka sí i. Ó ní ìwo yìí ni ọba báyìí, ìwo yẹn ni ogun báyìí. Ó ní ìgbà ti pé, wọ́n ti bí Ẹlẹ́tàn náà, àmì rẹ̀ sì wà níwájú orí. Ó ní ìlú tí yóò jókòó sí wà ní ìkọjá igbó àwọn iwin. Ó wàásù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ká aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò gbé ẹ̀rù tí ó dá sílẹ̀ dání lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé ọmọ Lìdíà wá fún ìrìbọmi. Bàbá Ìjọ Hesekáyà, tí í ṣe olórí ìjọ náà, ṣí fìlà ọmọ náà kí ó lè da omi sí i lórí. Omi náà kò kan ọmọ. Ọwọ́ Hesekáyà dúró lófuurufú, nítorí ó ti rí ìlà mẹ́ta náà.

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣé kì í ṣe gbẹ́rẹ́ ni?"

Gbogbo ojú yí sí Rúùtù. Rúùtù dìde, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Gbẹ́rẹ́ kẹ̀? Nínú ilé mi? Abẹ kankan kò kan orí ọmọ yìí."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn fi gba ara rẹ̀ là ni ó fi sé ọ̀nà mọ́ ọmọ. Bí kì í bá ṣe abẹ, inú ìyá rẹ̀ ni ó ti gbé àmì wá. Igbe ta. Àwọn kan sá jáde láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ méjì, àwọn àgbà ìjọ pinnu pé bí ó bá di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, wọn yóò gbé ọmọ náà lọ sí etí igbó, wọn yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀.

Jòsáyà, tí ó ti ti igbó ọdẹ dé, bẹ́ dìde. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ó wí, "ẹ̀yin àgbà sì ni ẹ fẹ́ ṣẹ́ ọmọ tuntun lọ́rùn. Ẹ gbọ́. Élífásì ní Ẹlẹ́tàn ní ìlú tirẹ̀. Ènìyàn kan kì í wà níbi méjì. N ó lọ síbẹ̀. Bí mo bá bá a nílé, kì í ṣe ọmọ ọmọ mi nìyẹn."

Hesekáyà gbọn orí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú; ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ó ní, "Mú ẹ̀rí bọ̀, Bàbá Lìdíà. A ó dúró dè ọ́ títí di ọjọ́ tí a dá. A kò ní lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù. Rúùtù di ẹ̀kọ mẹ́fà àti àádùn fún un. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ewé ẹ̀kọ. Ó ní, "Bàbá Lìdíà, ẹ má lọ."

Jòsáyà ní, "Kí ni kí n ṣe nígbà náà?"

Rúùtù ya ẹnu, ó tún pa á dé. Jòsáyà rò pé ẹ̀rù igbó ni ó ń bà á. Lìdíà gbé ọmọ wá kí bàbá rẹ̀ lè súre fún un. Jòsáyà na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i, ọmọ náà dì í mú. Síbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní purọ́ fún yín: Jòsáyà kò lè wo iwájú orí yẹn. Ó ń wo etí, ó ń wo imú. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá òótọ́ ni.

Báyìí ni ó ṣe wọ Igbó Wọ́n-ní-Wọ́n-ní. Igi inú igbó náà kò ní ewé bí igi tiwa. Ahọ́n ni ó hù lára wọn, gbogbo ahọ́n náà sì ń sọ̀rọ̀. Igi àkọ́kọ́ ní, "Wọ́n ní ọmọ kan wà ní Òkè-Arẹ́gbẹ́." Ìkejì ní, "Wọ́n ní ó ti hu eyín." Ìkẹta ní, "Wọ́n ní ó ti ń sọ̀rọ̀ ní ohùn àgbà." Ìkẹrin ní ìwo ti ń yọ lórí rẹ̀. Nígbà tí Jòsáyà fi dé ìdí igi keje, ọmọ náà ti pa ìyá rẹ̀ jẹ. Òógùn bo ọdẹ. Ó yí padà lẹ́ẹ̀mejì pé kí òun sáré lọ sílé lọ wo Lìdíà, ó sì tún dúró.

Ibẹ̀ ni iwin tí ó ni igbó náà ti yọ sí i. Igba etí ni ó ní, kò sì ní ojú kankan. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, owó ibodè mi kò pọ̀. Sọ ohun kan tí o mọ̀ nípa ọmọ náà, kí o kọjá."

Jòsáyà ní, "Wọ́n fi àmì bí i."

"Ta ni ó ní?"

"Ìyàwó mi ni ó ní."

Ilẹ̀ gbé e mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Jòsáyà pariwo, ó ní, "Ìgbà ìkẹyìn ti dé!"

"Ta ni ó ní?"

"Ajíhìnrere Élífásì ni ó ní."

Ilẹ̀ gbé e mì dé orúnkún. Jòsáyà ní ọmọ náà yóò pa ìlú run. Iwin bi í ta ni ó ní, ó dáhùn pé Bàbá Ìjọ ni. Ilẹ̀ gbé e mì dé ìdí. Nígbà náà ni ẹ̀rù gidi mú un, kì í ṣe ẹ̀rù ilẹ̀ tí ó ń gbé e mì, bí kò ṣe pé ó wá inú ara rẹ̀ títí, kò sì rí ohun kan tí òun fúnra òun mọ̀. Òun tí ó lè sọ ohun tí ó ń dun àgbọ̀nrín tí kò rí!

Iwin ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ojú rẹ rí?"

Jòsáyà ní, "Mo na àtàǹpàkò mi sí i, ó dì í mú, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ilẹ̀ tu ú jáde bí ẹni tu èèpo ẹ̀pà. Gbogbo ahọ́n igi dákẹ́, ọ̀nà sì là. Iwin náà ní, "Lọ. Ẹnu rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tìrẹ ni." Ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo wọ igbó yẹn, mo sì bá iwin náà jiyàn fún ọjọ́ méjì títí àádọ́ta nínú etí rẹ̀ fi di, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn igbó náà ni Ìlú Awòsánmà wà. Gbogbo ará ìlú náà ń wo ojú ọ̀run, wọn kì í wolẹ̀. Ọrùn wọn ti gan bẹ́ẹ̀. Oko wọn ti di igbó, ewúrẹ́ ń jẹ aṣọ mọ́ wọn lára, ẹni tí ó bá kó sí kòtò yóò máa wo òkè láti inú kòtò. Àwọn ará apá ìlà-oòrùn ìlú ń sọ pé a ó gba àwọn ènìyàn mímọ́ sókè kí ìpọ́njú tó dé. Àwọn ará apá ìwọ̀-oòrùn ní ẹ̀yìn ìpọ́njú ni. Àwọn àárín ìlú ní ìpọ́njú ti bẹ̀rẹ̀ láti èṣí, ariwo iyàn àwọn méjèèjì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn kan ní Ẹlẹ́tàn náà jẹ́ ọba, àwọn kan ní ẹgbẹ́ ni. Bàbá arúgbó kan sọ ọjọ́ gan-an fún Jòsáyà, Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá ni. Kò sì tí ì gbà pé ó ti kọjá.

Gbogbo wọn ni ó fi ọ̀já di iwájú orí, kí ẹnìkejì má baà rí i. Wọn a máa fi ọwọ́ pa iwájú orí àlejò wò. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ pa ti Jòsáyà wò, ọwọ́ wọn kan àpá tí ìdí ìbọn dá sí i ní ọdún tí ó kọ́ ọdẹ.

"Àmì! Àmì rèé!"

Wọ́n yí i ká, wọ́n ní kí a sọ ọ́ lókùúta. Jòsáyà dì mọ́lẹ̀, ó ń gbàdúrà tí kò ní ìparí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú òkúta, kí ọ̀run má baà ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Olúkúlùkù ń sọ fún ẹnìkejì pé, "Bá mi mú un." Jòsáyà fi orúnkún rìn gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ìlú, obìnrin kan gbọ́ ìró rẹ̀. Ojú obìnrin náà wà lókè, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń sunkún lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ bá mi wò ó. Kí ni ó ń ṣe é? N kò lè wolẹ̀, wọn yóò ní mo ti ṣubú kúrò nínú ìgbàgbọ́."

Jòsáyà wò ó. Ọmọbìnrin kékeré ni, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ó ní, "Ebi ni, ìyá. Ebi lásán ni." Ó gbé gbogbo ẹ̀kọ àti àádùn rẹ̀ kalẹ̀, ó rún un sí ọmọ náà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà ń sunkún sókè, omijé ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀. Jòsáyà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, kò sì mọ ẹni tí òun ń bínú sí.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó kù nígbà tí ó dé ìlú Ẹlẹ́tàn. Ó ti kó ọta sínú ìbọn, ó ti ń retí ìwo mẹ́wàá. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó jáde pàdé rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, iwájú orí rẹ̀ ń dán, kò ní àbàwọ́n kankan. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ki Jòsáyà ní oríkì tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ náà.

Jòsáyà ní, "Ṣé ìwọ ni Ẹlẹ́tàn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Ìránṣẹ́ lásán ni mí. Ọ̀gá mi kò tí ì dé. Èmi kàn ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é ni. Iṣẹ́ mi kò le: níbi tí mo bá ti rí àwọn tí ẹ̀rù ń bà, mo ń sọ ẹni tí wọn yóò bẹ̀rù fún wọn."

"Ta ni ó rán Élífásì sí wa?"

"N kò rán an. Òun náà ń bẹ̀rù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ògiri yín sì ti lanu kí n tó dé." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ìwo kan jáde, ìwo dúdú tí ẹ̀jẹ̀ ṣì tutù ní ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ọmọ rẹ ni o wá gbà là. Mú èyí lọ. Sọ fún wọn pé o rí Ẹlẹ́tàn níbí, àgbàlagbà oníwo, o sì gé ọ̀kan lórí rẹ̀. Wọn yóò gbà ọ́ gbọ́. Ọmọ náà yóò yè."

Ọkàn Jòsáyà fò sókè. Irọ́ kékeré kan ṣoṣo, ọmọ yóò sì yè! Ṣùgbọ́n ó bi í pé, "Kí ni ìwọ yóò jẹ níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá tún rí àmì lára ẹnikẹ́ni, ìwọ ni wọn yóò máa bi. Ìwọ ni wọn yóò máa gbé iwájú orí ọmọ wọn wá fún. Ìwọ yóò máa sọ pé èyí ni, èyí kọ́. Ẹ̀rù kò sì ní tán nílùú yín mọ́, nítorí ìwo yìí, tí í ṣe ẹ̀rí ẹ̀rù náà, yóò máa bẹ lórí àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ìwo náà ni ẹ̀yin ì bá kọ̀? Má mi orí, Ìyá Àdùfẹ́. O ní ọmọ ọmọ. Jòsáyà gbà á. Ó dì í sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ wálé. Bí ó ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni ìwo náà ń wúwo sí i.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ó dé odò ńlá tí kò sí nígbà tí ó ń lọ. Ìyá arúgbó kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Jòsáyà wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ náà sì rì dé etí.

Ìyá atukọ̀ ní, "Kí ni o gbé dání?"

"Ẹ̀rí ni, ìyá."

"Ẹ̀rí kì í wúwo báyìí. Irọ́ ni."

Jòsáyà bú sẹ́kún. Ó ní, "Ìyá, ọ̀la ni wọn yóò gbé e sọ nù! Àmì wà lórí rẹ̀, n kò sì ní ohun mìíràn tí mo lè fi hàn wọ́n."

Ìyá náà fi àjẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. "Ọdẹ ni ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó dára. Bí o bá rí ilẹ̀ tí a họ, kí ni o máa ń sọ?"

"Pé ẹran kan ni ó họ ọ́."

"Bí o bá rí ẹ̀ka tí ó ṣẹ́?"

"Pé nǹkan kan ti gba ibẹ̀ kọjá."

"Bí o bá wá rí ìlà mẹ́ta tí ó gún régé lára ọmọ tí ikùn ìyá rẹ̀ kò ní igun kankan tí ó lè fa ìlà?"

Jòsáyà gbé ojú sókè wò ó. Ìyá náà ní, "Ìwọ tí o ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín, ìgbà wo ni o bẹ̀rẹ̀ wo ojú ọmọ rẹ? Ṣé o wò ó, àbí wọ́n ní?"

Ó wá yé e. Kò wò ó rí. Ó ti ń wo etí, ó ti ń wo imú. Ó sì tún yé e ẹni tí ó lè ti mú abẹ, nítorí ènìyàn kan ṣoṣo ni ó wà pẹ̀lú ọmọ náà ní ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ìgbà tí ó rò pé ọmọ náà ni Ẹlẹ́tàn lọ. Ó mú ìwo náà, ó jù ú sínú odò. Ọkọ̀ léfòó. Ìyá náà tù ú gúnlẹ̀, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Jòsáyà sáré títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Láti òkèèrè ni ó ti rí gbogbo ìjọ ní etí igbó, màrìwò ọ̀pẹ ní ọwọ́ wọn. Hesekáyà ni ó gbé ọmọ náà dání. Àwọn obìnrin mẹ́ta di Lìdíà mú. Rúùtù dúró ní iwájú àwọn obìnrin láti dá orin, orin náà kò sì jáde.

"Bàbá Lìdíà dé! Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí Ẹlẹ́tàn náà?"

Jòsáyà wò wọ́n. Gbogbo ojú wọ̀nyẹn ń dúró de ẹnu rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohunkóhun tí òun bá sọ ni wọn yóò gbé mì. Ó ní, "Ìránṣẹ́ rẹ̀ ni mo rí. Kò ní ìwo, kò ní àmì. Ojú rẹ̀ dára ju tèmi lọ. N kò mú ẹ̀rí kankan bọ̀. Ẹ gbé ọmọ wá kí n ka ipasẹ̀."

Ó gba ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sórí ilẹ̀ nínú igbó, ó sì wo iwájú orí náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Abẹ ni," ni ó wí. "Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí abẹ ti kọ́kọ́ wọlé jìn, ibi tí ó ti jáde fẹ́lẹ́. Ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún yóò bẹ̀rẹ̀ láti apá ibí. Ẹni yìí bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀hún. Ọwọ́ òsì ni ó lò. Ìkejì wọ́ díẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Kò sì jìn jù. Ẹni náà fẹ́ràn ọmọ yìí."

Ó gbé orí sókè. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kò wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Mélòó ni ọlọ́wọ́ òsì nílùú? Wọ́n pé mẹ́rin. Atẹ́gùn ń fẹ́ màrìwò. Jòsáyà ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kí ẹni náà jáde fúnra rẹ̀, nítorí bí òun bá fà á jáde, òun náà ti di ẹni tí ń wo iwájú orí ènìyàn nìyẹn.

Rúùtù bọ́ síwájú. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀. Abẹ kékeré kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Èmi ni," ni ó wí. "Gìrì gbé e ní ọjọ́ kẹrin. Ojú rẹ̀ yí, ẹnu rẹ̀ di. Ibà ti dá ìyá rẹ̀ wólẹ̀, kò sí ẹlòmíràn nílé. Ìyá mi ti ṣe é fún mi rí. Mo ṣe é, ọmọ ké, ó yè. Lẹ́yìn náà ni mo rántí òfin tí mo fi ẹnu ara mi dá. Mo bẹ̀rù kí ẹ má baà lé mi kúrò nídìí tábìlì Olúwa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò tán. Ó dàgbà ju ẹnu mi lọ."

Hesekáyà ní, "Ìyá Ìjọ, ẹ sì jẹ́ kí a gbé e dé ibí?"

"Mo jẹ́ kí ẹ gbé e dé ibí."

Màrìwò bọ́ lọ́wọ́ Hesekáyà. Ó kúnlẹ̀ síwájú Lìdíà, òun àgbàlagbà. Lìdíà já ara rẹ̀ gbà, ó gba ọmọ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ọdún kan gbáko ni Rúùtù fi jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lìdíà kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ọmọ náà fi mọ ìrìn, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn yẹn, tí Lìdíà ní láti máa lọ mú un níbẹ̀.

Ìtàn tán. Ẹ bi mí bóyá Ẹlẹ́tàn ń bọ̀. Ìwé Mímọ́ ní yóò wá, n kò bá Ìwé Mímọ́ jiyàn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n Olúwa kò fi ọjọ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, kò sì rán ẹnikẹ́ni kí ó máa fọwọ́ pa iwájú orí ọmọ ọlọ́mọ wò.

Ìyá Àdùfẹ́, sún mọ́ mi. Ó yá, bá mi ṣí fìlà yìí. Má bẹ̀rù. Fi ìka rẹ kàn án: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ìkejì yẹn wọ́ díẹ̀, àbí? Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyá ìyá mi ti gbọ̀n.

Ẹ dìde nílẹ̀. Kí ẹnìkan lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó bi obìnrin àlejò yẹn léèrè ohun tí ó ṣe ọmọ rẹ̀ lójú. Kí ó gbé oúnjẹ dání lọ.